Ìfun Tó Dákẹ́

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ehoro náà ti kú, ṣùgbọ́n títí di ọ̀sán gangan, ìfun rẹ̀ ṣì ń mira. Ègé kékeré kan ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n fi òwú so ó rọ̀ sínú gíláàsì tó kún fún omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òwú kejì sì so mọ́ apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé kálàmù dání. Bí ìfun bá súnkì, kálàmù a gòkè. Bó bá tú ara sílẹ̀, kálàmù a sọ̀ kalẹ̀. Bébà ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó ń kọ̀wé.

Oníbéèrè jókòó tì í, ó fọwọ́ lérán. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, nítorí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé. Kí ló dé tí òjò fi ń rọ̀? Kí ló dé tí ojú fi ń ṣẹ́? Báwo ni oògùn inú ṣe mọ̀ pé inú lòun ń lọ, tí kò ṣìnà gba orí lọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló gbé e dé yunifásítì. Ó ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn báyìí nínú ẹ̀kọ́ nípa bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Àwọn ará ilé ń pè é ní dókítà. Ó ti ṣàlàyé fún wọn títí ẹnu fi kan án pé dókítà kọ́ lòun, pé àwọn ni àwọn ń yẹ oògùn wò kí dókítà tó fún èèyàn lò. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì tún pè é ní dókítà.

"Má tẹjú mọ́ ọn jù," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Láàbù ni. Òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ àti ẹranko yàrá náà láti bí ọgbọ̀n ọdún. Bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún; ẹ̀yìn ọrùn èèyàn ni wọ́n ti máa ń mọ̀ pé ó ti dé.

"Kò tíì mọ̀ pé òun ti kú ni," ló wí. "Bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Oníbéèrè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara rẹ̀ bù jìì.

Ewé tó fi ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ewé Ìyá Àgbà ni. Ó ń hù lẹ́yìn ògiri ilé wọn, òdòdó rẹ̀ funfun, ó gùn, ó dà bí fèrè tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Bí inú bá ń run ẹnikẹ́ni nínú ilé, Ìyá Àgbà a já a. "Ewé mẹ́ta nínú ife omi gbígbóná kan," ni màmá náà máa ń wí. "Bó bá fi lè di mẹ́rin, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn." Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ mìíràn náà jẹ́. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá tirẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìyẹn sì máa ń pa ẹnu dé sí.

Oníbéèrè kán omi ewé náà sínú gíláàsì. Ìfun rọ̀, kálàmù sọ̀ kalẹ̀. Ó fi omi iyọ̀ tuntun ṣàn án, ìfun sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó jí lójú oorun. Ó kán ìlọ́po méjì sí i. Bákan náà ló rí. Ó wá kán ìlọ́po mẹ́ta.

Kálàmù sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló ń fà lọ, gbọọrọ. Oníbéèrè ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Ó mú oògùn tí wọ́n fi máa ń jí ìfun, oògùn tí kì í pe ìfun kankan kó má jẹ́ ẹ, ó kán an sí i. Ìfun kò dáhùn. Yàrá náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ́ bí bébà ṣe ń fara ha irin.

Bàbá Láàbù bẹ̀rẹ̀, ó wo gíláàsì náà dáadáa.

"Ó ti wá mọ̀ báyìí," ló wí, ó sì rọra lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Oníbéèrè tún un ṣe pẹ̀lú ehoro mìíràn. Ìlà gbọọrọ. Ní ọjọ́ kẹta, ìlà gbọọrọ. Ọjọ́bọ̀ sì nìyẹn, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ ohun tó ń retí fún un: kí oògùn wọlé, kí ìfun rọ̀, kí omi ṣàn án, kí ìfun padà sípò. Oníbéèrè ti pàdánù ìdánwò kan ní ọdún kejì. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, ọdún kan gbáko ni yóò fi kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọwọ́ ara rẹ̀. Bóyá òun kò po omi iyọ̀ náà dáadáa. Bóyá ó gbóná jù.

Kíákíá ló bá a níbẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó sì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bó ṣe máa ń parí ohun gbogbo ṣáájú gbogbo èèyàn.

"Kí lo rí?" ni Kíákíá bi í.

"Ìlà tó lọ gbọọrọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

"Ìyẹn ni pé o ba nǹkan kan jẹ́ nìyẹn. Ta ló máa gba ìlà gbọọrọ lọ́wọ́ ẹ? Wọ́n á ní kó o padà lọ bẹ̀rẹ̀."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáà nìyẹn."

Kíákíá fà sún mọ́ ọn. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ìfun ehoro ló fẹ́ pè ọ́ lẹ́jọ́ ni? O ti ní nọ́ńbà ti ìkíní, o ní ti ìkejì. Fi òye gbé ìkẹta kalẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀? Kò sẹ́ni tó máa mu ewé yẹn nítorí ìwé tó o kọ."

Nígbà tó lọ tán, Oníbéèrè yíjú sí Bàbá Láàbù tó ń fọ gíláàsì. "Bàbá, bí èsì kò bá yé èèyàn ńkọ́?"

"Kọ ọ́ pé kò yé ọ," ni bàbá náà wí, láì gbójú sókè. "Ohun tí kálàmù bá kọ ni kí ìwọ náà kọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ó nu ọwọ́, ó kí i pé ó di ọ̀la, ó sì lọ sílé.

Oníbéèrè nìkan ló kù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì ń tàn sórí tábìlì. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó mú gègé, ó sì kọ ọ́ pé ní ìlọ́po mẹ́ta, ìfun rọ̀, wọ́n ṣàn án, ó padà sípò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ronú díẹ̀, ó sọ ọ́ di ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀, kí ó lè jọ òótọ́. Ó wá kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀: *Ìlọ́po mẹ́ta kò fa ìpalára kankan.* Ó ká bébà tòótọ́ náà jọ, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀.

Bó ṣe ń dìde, kálàmù ẹ̀rọ náà mì. Kò so mọ́ nǹkan kan, gíláàsì ti ṣófo, síbẹ̀ ó mì, ó sì fa ìlà kúkúrú kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ni. Ó lọ láti ti fèrèsé. Ó bá a ní títì.

Olùkọ́ rẹ̀ fún un ní máàkì tó ga jù lọ nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ Àìkú, Àǹtí Aránṣọ pè é lórí fóònù. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni Àǹtí Aránṣọ, òun àti Ìyá Àgbà ló jọ ń gbé, yàrá iwájú ilé ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ.

"Ṣé ewé Ìyá yege?" ni Àǹtí bi í.

"Ó yege, Àǹtí. Ìlọ́po mẹ́ta pàápàá kò ṣe nǹkan kan."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde ló rí i pé ẹnu òun tutù bí ẹni tó lá irin. Ó fẹ́ fà á padà, àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àǹtí ti yí ẹnu kúrò lórí fóònù: "Ìyá, ẹ wá gbọ́ o. Ẹ̀yin àti ewé mẹ́ta yín. Ọmọ yín ti kọ ọ́ sínú ìwé." Ó gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń rẹ́rìn-ín lọ́nà jíjìn.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù tún dún. Ohùn Àǹtí Aránṣọ lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí ará inú yàrá gbọ́ òun.

"Máa bọ̀ nílé. Ìyá ń gba àlejò."

"Àwọn wo, Àǹtí?"

"Èmi ò rí wọn."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Oníbéèrè dé ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún, aṣọ kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ìlàjì apá ló rán. Nínú yàrá, wọ́n ti ká kọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́, oòrùn sì kún orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àgbà jókòó sáàárín rẹ̀. Ó ń fi ìka méjì fa òwú kan látinú afẹ́fẹ́, ó ń ká a mọ́ ọwọ́ kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má bàa já. Òwú kankan kò sí níbẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ kú ilé."

"Rọra," ni Ìyá Àgbà wí, láì wò ó. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "O fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ọmọ yẹn mọ́lẹ̀."

Oníbéèrè wo ilẹ̀. Oòrùn nìkan ló wà níbẹ̀. "Ọmọ wo, Ìyá?"

"Èyí tó ti ń wò ọ́ látìgbà tó o ti wọlé." Màmá náà tún fa òwú kan. "Wọ́n pọ̀. Wọ́n ní ẹni tó kọ ìwé náà làwọn ń dúró dè."

Gbogbo irun ara Oníbéèrè dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, Àǹtí Aránṣọ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ilé ìwòsàn, pé òun ti ránṣẹ́ sí àwọn tó máa wá gbàdúrà. Oníbéèrè fọwọ́ kan iwájú orí Ìyá Àgbà. Ó gbóná, ó sì gbẹ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, kò sí òógùn kankan. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó wo ojú rẹ̀. Dúdú àárín ojú náà ti fẹ̀ títí ó fi gbé gbogbo àwọ̀ ojú rẹ̀ mì. Bí ẹni wo inú kànga ló rí.

Ó mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹta ni wọ́n ti kọ́ wọn: awọ gbígbẹ, ara gbígbóná, ojú tó là kalẹ̀, èèyàn tó ń bá ohun tí kò sí sọ̀rọ̀. Ó ti há a sórí, ó sì ti gba máàkì lé e lórí. Kò tíì rí i rí lójú ẹni tó pọ̀n ọ́n.

"Àǹtí, ewé mélòó lẹ fi sí i?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan ni. Inú ló ń run ún láti ìjẹta." Àǹtí ń lọ́ ọwọ́. "Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní mẹ́ta ni. Mo ní ọmọ yín ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní tí ọmọ òun bá ti kọ ọ́, ó ti parí nìyẹn. Ó sì mu ún."

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tí oorun kò tó lójú rẹ̀ ló gbà wọ́n. Ó béèrè ohun tí màmá jẹ àti ohun tó mu. Ẹ̀rù ba Àǹtí Aránṣọ. Ó ní kò mu nǹkan kan, àfi omi gbígbóná. Dókítà ní ó lè jẹ́ ibà ló wọ orí, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán orí rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ inú ara sí etí, ó gbé e lé ikùn màmá. Ó gbọ́ títí. Ó sún un lọ sápá kejì, ó tún gbọ́ títí.

"Inú tó yè máa ń kùn," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èyí dákẹ́ rọ́rọ́."

Oníbéèrè rí ìlà náà lójú rẹ̀, bó ṣe ń lọ gbọọrọ, tí kò gòkè, tí kò sọ̀. Ọkàn kan ń sọ fún un pé kó dákẹ́. Wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á rí i fúnra wọn. Ṣùgbọ́n wákàtí mélòó nìyẹn máa gbà?

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Mo mọ ohun tó jẹ́." Ó tú báàgì rẹ̀, ó fa bébà náà jáde. "Ewé kan ni. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì. Mo kọ ọ́ pé kò léwu. Irọ́ ni mo kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé."

Àǹtí Aránṣọ yíjú wò ó. Ìwò náà wúwo ju ìgbájú lọ.

Dókítà na bébà náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka tọ ìlà náà dé òpin. "Ṣé ó padà?"

"Kò padà lójú mi. Mo fi oògùn tó ń jí ìfun pè é, kò jẹ́ mi."

"Ìyẹn ti tó mi." Dókítà pe nọ́ọ̀sì, ó dárúkọ abẹ́rẹ́ kan tó ń tako irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ gún un, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo aago, ó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Ọwọ́ Ìyá Àgbà tó ń fa òwú rọ̀ sílẹ̀ lórí aṣọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ̀ lé ohun kan pẹ̀lú ojú, bí ẹni tó ń sin àlejò jáde.

"Wọ́n ti ń lọ," ló wí.

Nígbà tó yá, dókítà tún gbọ́ ikùn rẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ náà létí, ó fi sí etí Oníbéèrè. Níbi tó jìn gan-an, bí omi tó ń ṣàn lábẹ́ òkúta, ohun kan kùn. Oníbéèrè bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó nu ojú rẹ̀.

"Àǹtí, omi ewé tó kù dà?"

Àǹtí Aránṣọ káwọ́ lé orí. Ó ti rọ ọ́ sínú ìgò méjì fún àwọn oníbàárà rẹ̀ méjì tí inú ń run.

Wọ́n sáré. Ẹni àkọ́kọ́ kò tíì ṣí tirẹ̀. Ẹnì kejì, tíṣà kan tó ń gbé ní ìkángun òpópónà, ti tún tirẹ̀ gbé kaná, ó sì ti bù ú sínú ife. Ó gbé e sórí tábìlì kí ó lè tutù, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má mu ún," ni Oníbéèrè wí, ó ń mí gúlegúle. "Èmi ni mo ní kò léwu. Irọ́ ni mo pa."

Obìnrin náà wo ife, ó wo ojú rẹ̀. "Ìwọ tí wọ́n ń pè ní dókítà?"

Oníbéèrè dúró níbẹ̀ títí obìnrin náà fi da omi náà nù.

Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí yunifásítì, ó gbé bébà náà síwájú olùkọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olùkọ́ náà wo ìlà náà pẹ́.

"Ìlà yìí gan-an ni ìwádìí," ló wí. "Ewé tí àwọn èèyàn ń mu, tó ń ti ìfun pa tí omi kò lè ṣí i. Ǹ bá fi yìn ọ́. Ohun tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ lo fi pamọ́, o wá mú èyí tí kò sí fún mi."

Wọ́n fagi lé máàkì náà. Wọ́n ní kó tún ọdún náà ṣe. Wọ́n sì ní kí gbogbo kíláàsì kó bébà ẹ̀rọ wọn wá. Kíákíá kò ní ẹyọ kan ṣoṣo; òye ló fi gbé gbogbo tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń sáré ju gbogbo wọn lọ ló wá di ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dá padà sẹ́yìn.

Ojú Ìyá Àgbà kò ríran dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ló bọ̀ sípò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọlidé, òun àti Oníbéèrè jókòó sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti hú ewé náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ihò tó fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ògiri.

"Wọ́n ní mo ń rí èèyàn," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ rí wọn, Ìyá. Oògùn náà ló ṣe é."

"Ṣé ẹ̀rù wọn bà ọ́?"

Oníbéèrè ronú sí i. "Ó bà mí. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ nígbà tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́. Ohun tí mo kọ ló bà mí lẹ́rù jù, Ìyá. Ìyẹn kò lọ."

Ìyá Àgbà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sọ pé ó ti tán, kò sì sọ pé kó má sunkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu ìwé, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí gbọ́ nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Irọ́ tí èèyàn bá kọ sínú ìwé ìdánwò kì í dúró sínú ìwé. Yóò jáde nílé ẹ̀kọ́, yóò wọ ọkọ̀, yóò máa bi ará àdúgbò léèrè ọ̀nà, títí yóò fi dé ẹnu ẹnìkan tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó kọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù lọ láyé ni yóò kọ́kọ́ gbé e mì.